Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Ṣí Sílẹ̀ fún Wa
Ọ̀rọ̀ ìdágbére fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, ní Ìjẹ̀bú-Òde



Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń jáde lónìí, nígbàkúùgbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ṣe bẹbẹ láyé, òkè òkun ni ojú yín sábà máa ń lọ. Kò burú. Ó yẹ kí ẹ mọ Mary McLeod Bethune, ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú rí ní Amẹ́ríkà, tí ó fi dọ́là kan àbọ̀ àti ọmọbìnrin márùn-ún dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Daytona ní ìpínlẹ̀ Florida ní ọdún 1904, tí ilé-ìwé náà sì di yunifásítì lónìí. Ṣùgbọ́n ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ dì mọ́ ẹrù yín lọ ni pé iye àwọn tí wọ́n rí ọ̀nà gbà lẹ́yìn ènìyàn ni ìtàn ìran wa fi ń mọ ẹni ńlá.

Ẹ wo Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó wá ṣe ọ̀gá Ijebu-Ode Grammar School, ilé-ìwé tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1913. Ipò ọ̀gá ti tó o jẹ, bí ó bá jẹ́ pé ti ara rẹ̀ nìkan ni ó ń rò. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n kó àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú jọ di ẹgbẹ́ ní ọdún 1926. Ẹgbẹ́ yìí wà lára àwọn tí wọ́n para pọ̀ di ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà ní ọdún 1931, òun náà ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́.

Ẹni tí mo fẹ́ kí a dúró tì pẹ́ díẹ̀ ni Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà, tí a bí ní Awà-Ìjẹ̀bú ní ọdún 1913. Olùkọ́ ni, òun sì ni ọ̀gá àkọ́kọ́ tí Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní, ní ọdún 1949. Nígbà tí ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ó gbé àbá kalẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Keje ọdún 1952, pé kí gbogbo ọmọ, ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, máa lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó-orí tí ètò náà mú wá dun ará ìlú. Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣèjọba tilẹ̀ pàdánù ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954 ní agbègbè wa. Síbẹ̀ wọn kò yẹ̀, nítorí ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 pé, ọmọ ẹlẹ́kọ, ọmọ aláró àti ọmọ àgbẹ̀ tò síwájú olùkọ́. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, nítorí náà olùkọ́ a ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí àtàrí kọjá, kí ó fi di etí òsì mú. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó etí, a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn kò pé 500,000. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n lé ní 800,000. Nínú àwọn tí ọwọ́ wọn tó etí nígbà náà ni a ti rí dókítà àti adájọ́, inú wọn náà ni a sì ti rí ìyá àgbà tí ó ń ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí kò bẹ akọ̀wé kankan. Awókọ̀yà fúnra rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní UNESCO ní Paris nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó di etí mú yẹn ni ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀.

Olùkọ́ nìkan kọ́ ló ń ṣílẹ̀kùn. Olóyè Timothy Adéọlá Odùtọ́lá, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí ní ọdún 1902, fi èrè òwò rẹ̀ dá Olu-Iwa College sílẹ̀ ní ọdún 1945, èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Hubert Ògúndé ọmọ Ọ̀sọ́sà fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní ọdún 1945 kan náà láti fi eré orí ìtàgé ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ lẹ́yìn eré rẹ̀ Yorùbá Ronú ní ọdún 1964, kò torí rẹ̀ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ọ̀nà tí ó là ni ọ̀pọ̀ òṣèré ń tọ̀ jẹun títí di òní.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn kan yóò sọ fún yín pé ìwé kò lérè mọ́, pé owó òjijì ló kù. Ẹ má gbọ́ tiwọn. Kí ẹni tí ó bá wọ ilé-ìwé gíga padà wá síbí nígbà ìsinmi, kí ó jókòó ti àwọn àbúrò rẹ̀ tí ìṣirò ń dà láàmú. Kí ẹni tí ó bá kọ́ṣẹ́ ọwọ́ má fi àṣírí iṣẹ́ pamọ́ fún ọmọ ẹlòmíràn. Kí ẹni tí ó bá rékọjá òkun san owó ilé-ìwé ọmọ kan, bí kò tilẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire. Ẹsẹ̀ yín kò ní kọ́lẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní já sófo, ojú kò sì ní ti ẹni tí ó kọ́ yín. Nígbà tí ọmọ mìíràn bá ń dágbére níhìn-ín lọ́jọ́ iwájú, kí orúkọ yín wà lára àwọn tí a ó máa kà fún un. Àmín, àṣẹ.