Ká Yọ Ti Ọjọ́ Ogbó Ká Tó Náwó

 

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀hún ń san owó ilé ní Peckham nílùú Ọba níbí, ó ń sanwó fún ẹni tó ń bá a tọ́jú ọmọ, ó sì ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù. Ọmú ti ń gbẹ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì láìfepo-bọyọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Nàìjíríà. Kì í ṣe pé akọ̀wé mọ owó tọ́jú ju ọlọ́jà lọ. Ẹ dé ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn láàárọ̀. Alájọ á dé, ìyá aláta á ka owó fún un, alájọ á fi bírò sàmì sí káàdì. Bí oṣù bá parí, alájọ á mú owó ọjọ́ kan fún làálàá rẹ̀, á kó ìyókù fún ìyá. Ìyá á fi rajà, á fi san owó ilé-ìwé. Owó yẹn ṣiṣẹ́, àmọ́ kò dé ọjọ́ ogbó. Ti akọ̀wé ńkọ́? Òfin pẹ́ńṣàn Nàìjíríà ti 2004, tí wọ́n tún ṣe ní 2014, ní kí wọ́n yọ ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kí ọ̀gá fi 10 lé e. Kò sẹ́ni tó máa kó o fún un ní ìparí oṣù.

Mẹkáníìkì tàbí télọ̀ kò ní ọ̀gá tó máa fi owó lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè ṣe bí ọ̀gá fún un. Ní 2019, PenCom, àjọ tó ń mójú tó pẹ́ńṣàn ní Nàìjíríà, dá Micro Pension Plan sílẹ̀ fún irú wọn. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ nígbà náà, ìdá 40 ṣeé mú fún bùkátà, ìdá 60 á dúró de ìfẹ̀yìntì. Nínú owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí àbúrò, kí díẹ̀ máa lọ sínú irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan àwa tí a wà nílùú Ọba náà. Ọ̀pọ̀ wa tó ń tọ́jú arúgbó níbí ti ní kí wọ́n má yọ pẹ́ńṣàn mọ́: “Ilé ni mò ń lọ jàre.” Ó kéré tán, ìdá 8 nínú 100 owó iṣẹ́ ni pẹ́ńṣàn ọ̀hún, ìdá 3 ó kéré tán nínú rẹ̀ sì ń ti àpò ọ̀gá wá. Ẹni tó bá jáde nínú ètò náà ti fi owó ọ̀gá ta ọ̀gá lọ́rẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń se ìrẹsì òde àríyá, tí ẹ ń dirun nínú ilé, bí ọdún National Insurance, ètò ìjọba ìlú Ọba, tó wà lórúkọ yín kò bá pé 10, ẹ ò ní rí kọ́bọ̀ gbà nínú pẹ́ńṣàn tuntun ti ìjọba. Ọdún 35 ló sábà máa ń fúnni ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Ẹni tó bá sì kó padà sí Nàìjíríà, àfikún ọdọọdún kì í tẹ̀ lé e débẹ̀. Ẹ má sì gbọ́kàn lé ilé tí ẹ kọ́ s'Íjẹ̀bú nìkan; ilé kì í ra oògùn.

Àbá mi rèé: kí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa bá àwọn àgbà wo iye ọdún National Insurance tó wà lórúkọ wọn kí ìpàdé yìí tó tú. A kì í jẹ gbèsè aṣọ ẹbí. Owó rẹ̀ máa ń pé kí àríyá tó dé. Ti ogbó náà kò gbọ́dọ̀ kẹ́yìn.