Igbó Tí Labalábá Ń Sùn, àti Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Ọ

 Ọ̀rọ̀ labalábá ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀mí èèyàn wà nínú rẹ̀.

Labalábá kan wà tí wọ́n ń pè ní monarch, aláwọ̀ ọsàn tí ìlà dúdú wà lára ìyẹ́ rẹ̀. Kánádà àti Amẹ́ríkà ló ń gbé nígbà ooru. Bí òtútù bá ti ń bọ̀, á gbéra, á sì fò tó 4,000 kìlómítà lọ sí àwọn òkè kan ní Michoacán àti agbègbè rẹ̀, nílẹ̀ Mẹ́síkò. Èyí tó ń lọ yìí kò dé ibẹ̀ rí. Àwọn ìyá ńlá rẹ̀ ló ti ibẹ̀ wá. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ni wọ́n sábà máa ń dé, lásìkò tí àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe ìrántí òkú wọn, àwọn kan sì máa ń sọ pé ẹ̀mí àwọn baba ńlá àwọn ló padà wálé. Ẹ jẹ́ ká fi ìgbàgbọ́ yẹn sílẹ̀ fún wọn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé wọn ò ka kòkòrò yìí sí àjèjì.

Igi oyamel ni wọ́n máa ń rọ̀ mọ́, débi tí ẹ̀ka á fi tẹ̀. Igi yìí ni aṣọ ìbora wọn, òun náà ni agboòrùn wọn. Òkè ibẹ̀ ga tó 3,000 mítà, labalábá tí òjò bá pa sínú òtútù alẹ́ ibẹ̀ kì í pẹ́ kú. Bí wọ́n bá gé igi díẹ̀ láàárín igbó, ojú ihò yẹn ni òjò àti òtútù máa gbà wọlé. Lóṣù Kìíní 2002, àìmọye mílíọ̀nù ló kú bẹ́ẹ̀.

Nígbà òtútù 1996 sí 1997, hẹ́kítà 18 ni wọ́n bò nínú igbó náà. Ní 2023 sí 2024, hẹ́kítà 0.90 péré ni. Ó gòkè sí 1.79 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Igi gígé nìkan kọ́ ló fà á. Oògùn apakoríko inú oko Amẹ́ríkà ti pa ewé milkweed run, ìbátan bomubomu tiwa, bẹ́ẹ̀ ọmọ labalábá yìí kì í jẹ ewé mìíràn.

Láti 1986 ni ìjọba Mẹ́síkò ti ń fi òfin dáàbò bo igbó náà. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ló ni ilẹ̀? Àwọn àgbẹ̀ abúlé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ni ín. Igi ni wọ́n fi ń dáná, igi ni wọ́n ń tà. Bí a bá ní kí tálákà má gé igi rẹ̀ mọ́, kí la fún un dípò? Láti 2000 ni wọ́n ti ń san owó fún àwọn abúlé tó bá dá igbó sí, èmi sì rò pé ẹ̀tọ́ wọn ni, kì í ṣe àánú.

Agégẹdú ni Homero Gómez González ti abúlé El Rosario tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á pé òfin yìí á sọ wọ́n di òtòṣì. Nígbà tó rí i pé àlejò tó ń wá wo labalábá lè bọ́ ilé, ó di alábòójútó igbó náà, ó sì ń rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n gbin igi. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2020, wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Ọjọ́ 29 ni wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú kànga. Omi ló pa á, ọgbẹ́ sì wà lórí rẹ̀. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí wọ́n tún rí òkú Raúl Hernández Romero, tó máa ń mú àlejò wọ igbó náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Texas, ibẹ̀ ni labalábá yìí ń gbà lọ, ibẹ̀ ló ń gbà bọ̀. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbin milkweed ìbílẹ̀ ibẹ̀ sẹ́yìn ilé, kí wọ́n má sì fín oògùn sí i. Bó bá di oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, kí àwọn ọmọ yí ewé náà wò lábẹ́, bóyá wọ́n á bá ẹyin níbẹ̀.