Yíya Àwòrán Owó Onírin Tí Ń Dán Bí Jígí

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn: bí a ṣe ń ya fọ́tò owó onírin tí ojú rẹ̀ ń dán bí jígí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwòrán ti di ẹ̀rí láàárín wa. Òun ni olùkọ́ fi ń kọ́ni, òun ni òǹtajà fi ń tajà, òun náà ni ọmọ tí a kò tíì bí yóò fi mọ owó tí bàbá ńlá rẹ̀ ná. Bí àwòrán bá parọ́, ẹ̀kọ́, òwò àti ìtàn ni yóò bá a parọ́.

Irú owó wo ni à ń sọ gan-an? Nígbà tí ilé-iṣẹ́ arọwó bá fẹ́ rọ owó fún ìfihàn àti ìtọ́jú, tí kì í ṣe fún níná lọ́jà, wọn a dán irin òǹtẹ̀ títí yóò fi máa kọ mànà. Wọn a dán irin tí wọ́n fẹ́ fi rọ owó náà pẹ̀lú, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí gbogbo ọnà rẹ̀ lè yọ kedere. Irú owó bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkójọ owó ń pè ní pírúùfù. Ilẹ̀ rẹ̀, èyí ni ibi tí kò sí ọnà, a máa tòrò bí omi inú àwo. Ọnà orí rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, a sì máa rí bí ẹni pé ìrì sẹ̀ sí i lára. A rọ irú owó yìí fún Nàìjíríà ní 1959, nígbà tí a ń ná pọ́n-ùn àti ṣílè. A tún rọ ọ́ ní 1973, ọdún tí náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò wọn láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Ìṣòro tí ó wà nínú yíya owó yìí kò fara sin fún ẹni tí ó mọ Lẹ́kkí. Ilẹ̀ tóóró ni, ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì. Kí ènìyàn dúró ní òwúrọ̀ sórí afárá tí ó so Lẹ́kkí pọ̀ mọ́ Ìkòyí, èyí tí a ṣí ní 2013. Bí ó bá kọjú sí ìlà-oòrùn, omi ọ̀sà yóò máa kọ mànà sí i lójú. Bí ó bá yíjú padà sí ìwọ̀-oòrùn, omi kan náà yóò ṣú, yóò rọlẹ̀. Ọ̀sà kò yí padà o. Ìhà tí a ti wò ó ni ó yí padà. Òfin ibẹ̀ kò ju èyí lọ: bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe dẹ̀gbẹ́ wọlé sára jígí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe dẹ̀gbẹ́ jáde ní òdì kejì.

Ohun tí èyí fi yé wa ni pé jígí kò ní ojú tirẹ̀. Ohun tí ó bá kọjú sí ni yóò fi hàn. Bí ayàwòrán bá wọ ẹ̀wù pupa, owó yóò pọ́n. Bí òrùlé bá funfun, owó yóò funfun. Nítorí náà, kí a tó bèèrè pé, ‘Ibo ni kí n gbé iná sí?’, ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé, ‘Kí ni owó yìí ń wò?’

Ọ̀nà kìíní nìyí. Ẹ gbé owó lé aṣọ dúdú, kí kámẹ́rà sì kọjú sí i láti òkè gangan. Ẹ fi páálí dúdú bo iwájú kámẹ́rà, kí ẹ sì dá ihò sí i láàárín kí ojú kámẹ́rà lè máa ríran. Ẹ gbé iná méjì sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan níbi tí agogo mẹ́wàá wà lójú aago, èkejì níbi agogo méjì. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sí ilẹ̀ owó yóò ta lọ sí òdì kejì, kò ní wọ kámẹ́rà. Ilẹ̀ owó yóò wá dúdú bí òru. Ọnà tí kò dán ní tirẹ̀ yóò fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri, yóò sì yọ ní funfun.

Ọ̀nà kejì ni òdìkejì rẹ̀. Ẹ fi gíláàsì pẹlẹbẹ sí àárín owó àti kámẹ́rà, kí ó dẹ̀gbẹ́ ní igun ìwọ̀n 45, kí ẹ sì tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́. Gíláàsì yóò darí díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà sórí owó tààrà, ilẹ̀ owó yóò sì dá a padà sókè sínú kámẹ́rà. Ilẹ̀ owó ni yóò mọ́ nísinsìnyí, ọnà ni yóò ṣókùnkùn.

Àwọn kan a máa fi nǹkan ti owó lábẹ́ kí ó lè dẹ̀gbẹ́. Èyí náà dára, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, owó róbótó yóò gùn bí ẹyin adìyẹ, etí rẹ̀ kan yóò sì ṣe bàìbàì. Kí ìdẹ̀gbẹ́ náà mọ níwọ̀n, kí a dín ihò ojú kámẹ́rà kù sí f/8 tàbí f/11, kí a sì gbé kámẹ́rà lé ìdúró tí kì í mì. Bí iná mànàmáná bá lọ, fèrèsé tí oòrùn kò gbà wọlé tààrà, tí a fi aṣọ funfun ta, tó fún iṣẹ́ náà.

Èwo wá ni òótọ́ nínú àwòrán méjèèjì? Òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ẹni tí ó bá fẹ́ tan oníbàárà jẹ lè fi bébà funfun bo iná kí ìmọ́lẹ̀ lè rọ̀. Gbogbo ilà wẹ́wẹ́ tí ìnùjù ti dá sára owó yóò sá pamọ́. Kí a yọ bébà náà, kí a gbé iná kan ṣoṣo yí owó ká, wọn yóò yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àwòrán kan kò tó fún ẹ̀rí. Kí a ya oníilẹ̀-dúdú, kí a ya oníilẹ̀-mímọ́, kí a sì ya ẹ̀kẹta lábẹ́ iná tí a kò bò. Kí a kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí a ṣe tan iná sí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi eérú tàbí ọṣẹ bó owó yìí kí ó lè dán fún fọ́tò. Dídán tí ilé-iṣẹ́ arọwó fún un ni ẹ ó bó lọ, kò sì ní padà mọ́. Ní ilẹ̀ etí òkun bíi Lẹ́kkí àti Ajah, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń jẹ bàbà. Kí owó máa gbé inú àpò rẹ̀, kí a sì máa di etí rẹ̀ mú, kí ìka má kan ojú rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí ni èyí kan olùkọ́ èdè? Ó kàn án gidigidi. Onínì, ẹ́pìnnì, tọ́rọ́, sísì: àwọn ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìwé wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ẹ fi àwòrán tọ́rọ́ 1959 hàn wọ́n, kí wọ́n ka igun rẹ̀ méjìlá. Ẹ gbé sísì 1959 sí ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ̀ márùn-ún 1973: kòkó ni ó wà lára méjèèjì. Ẹ gbé ṣílè sí ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́wàá: ọ̀pẹ ni ó wà lára méjèèjì. Iye kan náà ni wọ́n ní nígbà tí a pààrọ̀ owó, abájọ tí àwọn àgbà fi bá a lọ láti máa pe kọ́bọ̀ márùn-ún ní sísì. Irè oko wa ni a yà sára owó, orúkọ àtijọ́ ni a sì fi pe owó tuntun. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè rí ìbátan yìí nínú àwòrán tí ìmọ́lẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí irú owó yìí bá wà ní ilé ẹbí yín, ẹ yà á kí ó tó sọnù, kí ẹ sì yà á kí ó lè sọ òótọ́.