Ibi Tí Ìwé Ẹ̀rí Ń Gbé Ènìyàn Dé: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Sáyẹ́ǹsì Tó Ń Jáde ní Tẹ́júoṣó

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì tó ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní àyíká ọjà Tẹ́júoṣó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti fọkàn sí iṣẹ́ ìlera, kò jìnnà rárá sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti 1907 ni ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ti wà ní Yábàá; ilé ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì bẹ̀rẹ̀ ní 1945; LUTH, níbi tí Yunifásítì Èkó ti ń kọ́ àwọn dókítà rẹ̀, sì wà ní Ìdí-Àràbà lọ́nà Muṣin. Ilé ẹ̀kọ́ ò wọ́n wọn, nítorí náà, ohun tó kù fún wọn láti wádìí ni ibi tí ìwé ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan lè gbé ènìyàn dé.

Yábàá yìí kan náà ti fojú rí ohun tí ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1930, ìjọba amúnisìn dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ igbákejì dókítà, ìyẹn ẹni tí yóò máa tọ́jú aláìsàn lábẹ́ àṣẹ dókítà òyìnbó. Ẹ̀kọ́ náà le, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára kọjá ẹnubodè Nàìjíríà, owó oṣù ẹni tó gbà á kò sì tó ti ẹni tó kàwé ní London. Nígbà tí wọ́n ṣí Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Yábàá ní gbangba ní January 1934, irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ náà ló fẹ́ máa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, èyí ló sì mú kí àwọn ọ̀dọ́ Èkó dá Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀ lọ́dún náà gan-an láti fi ẹ̀hónú hàn. Dókítà J. C. Vaughan, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Glasgow, wà lára àwọn tó ṣíwájú wọn. Kò sì yani lẹ́nu pé dókítà ló kọ́kọ́ rí ibi tí bàtà náà ti ń ta àwọn ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Ọdún 1948 ni Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn gba iṣẹ́ kíkọ́ dókítà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wá ń gba oyè Yunifásítì London.

Irú ìwé ẹ̀rí tí kò ní ibi tó ń lọ kò tíì tán nílẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Tẹ́júoṣó, bó bá ti ṣe fíríídọ̀mù, ó di ọ̀gá ara rẹ̀, ó sì lè gba ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan ti mú àṣà yìí wọ inú iṣẹ́ ìlera: wọ́n á gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, wọ́n á kọ́ ọ ní abẹ́rẹ́ gígún àti omi fífà sí aláìsàn lára, wọ́n á sì ṣe fíríídọ̀mù fún un, pẹ̀lú àkàrà òyìnbó àti fọ́tò. Òun ni àdúgbò ń pè ní nọ́ọ̀sì ọgísílárì. Aṣọ funfun tó wọ̀ kò yàtọ̀ sí ti nọ́ọ̀sì gidi, nítorí inú ọjà kan náà ni wọ́n ti ra aṣọ méjèèjì, ṣùgbọ́n òfin kò mọ̀ ọ́n. Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí Nàìjíríà kò ní orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ tí yóò ka ọdún tó lò níbẹ̀ sí ohunkóhun.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà tó kúrú wà tó ní ìtẹ̀síwájú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí wọ́n ń pè ní CHEW ń kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta ní irú ilé ẹ̀kọ́ bíi Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó, tó wà ní Yábàá níbí, kí wọ́n tó lọ máa ṣiṣẹ́ ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé, níbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ, tí wọ́n ń fún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára, tí wọ́n sì ń tọ́jú ibà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ń kọ́ni nípa àìsàn ọmọdé ní Ìdí-Àràbà kó tó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, gbé ètò ìlera orílẹ̀-èdè yìí ka orí irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju orí àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá lọ. Lẹ́yìn ìrírí ọdún mélòó kan, CHEW lè padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ ní ilé ìwòsàn yunifásítì, kí ó di CHO, ìyẹn ọ̀gá lórí àwọn CHEW. Ti nọ́ọ̀sì náà rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá ti ní ìwé àṣẹ lè lọ kọ́ ìtọ́jú alárùn ọpọlọ ní Yábàá tàbí ìtọ́jú eegun ní Ìgbóbì, ó sì lè gba oyè yunifásítì lẹ́yìn náà.

Ọ̀nà dókítà ló gùn jù, òun náà sì ni àwọn òbí ń ti ọmọ sí jù, bóyá ọmọ náà lè rí ẹ̀jẹ̀ tàbí kò lè rí i: kírẹ́dìtì márùn-ún nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì, ìdánwò JAMB, ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, lẹ́yìn náà ọdún kan tí wọ́n ń pè ní háúsì jọ́ọ̀bù, tí dókítà tuntun fi ń ṣiṣẹ́ lójú àwọn àgbà kí ìgbìmọ̀ àwọn dókítà tó fún un ní ìwé àṣẹ tó pé. Kírẹ́dìtì márùn-ún yẹn kan náà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ apoògùn àti ẹni tó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹni tí máàkì JAMB rẹ̀ kò gbé dé ti dókítà kò tíì pàdánù ohun tó kà.

Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ló ní ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀, tí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní àkọsílẹ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó fọwọ́ sí. Kí òbí tó ka owó sílẹ̀, kí wọ́n wo àkọsílẹ̀ náà fúnra wọn, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé ìdánwò ìgbìmọ̀ wo ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń jókòó ṣe; bó bá dáhùn pé ìwé ẹ̀rí tòun nìkan ti tó, kí wọ́n kó owó wọn padà sápò.