Ẹ Jẹ́ Ká Ka Ọmọ Tó Ń Ta Bass Mọ́ Wọn

  

Ọ̀rọ̀ mi ò gùn. Bí a bá fẹ́ pín owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, dókítà, lọ́yà àti ẹnjiníà la máa ń wò. Ọmọ tó bá ní orin lòun fẹ́ kọ́, a ó ní kó lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe. Kẹ́ ẹ tó dájọ́, ẹ gbọ́ nípa ọmọ Yorùbá kan.

Michael Olatuja lorúkọ rẹ̀. London ni wọ́n bí i sí, Èkó ló dàgbà sí. Bass ló ń ta: ó ń ta èyí tí wọ́n ń gbé kọ́rùn bíi gìtá, ó sì ń ta èyí tó ga ju ènìyàn lọ. Ó ń ta jáàsì, ó ń ta orin ìjọ, ó ń ta Afrobeat, òun fúnra rẹ̀ sì ń kọ orin. Lọ́dún 2020, ó gbé àwo kan jáde tó pè ní Lagos Pepper Soup. Ẹ wo àwọn tó bá a ṣe é: Angélique Kidjo àti Lionel Loueke, ọmọ Benin méjèèjì; Dianne Reeves, Regina Carter àti Joe Lovano, àgbà olórin jáàsì l'Ámẹ́ríkà. Ọbẹ̀ ata Èkó ló fi pe gbogbo wọn jókòó.

Kí ni bass gan-an ń ṣe? Kì í pariwo. Ẹlòmíì á gbọ́ orin tán, kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, ijó á dàrú, akọrin á máa wá ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Kò ṣàjèjì sí wa: iṣẹ́ tí agídìgbo ń ṣe nínú àpàlà Haruna Ishola náà nìyẹn. Ẹni tó di ìsàlẹ̀ orin mú gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ ń ṣe. Ìyẹn wúlò púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ orin. Charles Mingus ará Amẹ́ríkà, bass lòun náà ta, ó sì wà lára àwọn tó kọ orin jáàsì jù lọ.

Ẹlòmíì á ní: owó dà ńbẹ̀? Òótọ́ ni, kò dájú. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ nìyẹn, kì í ṣe òkìkí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó lè ka orin lórí ìwé, tó lè fetí gbọ́ kó tà á, tó mọ jáàsì tó tún mọ jùjú, iṣẹ́ á máa yọjú sí i láti ìhà púpọ̀. Fela náà, ìṣègùn ni wọ́n rán an lọ kọ́ ní London lọ́dún 1958, Trinity College of Music ló wọ̀. Fela Sowande, tí wọ́n bí lọ́dún 1905, ta jáàsì ní London, ó tún kọ African Suite.

Ilé wa ńkọ́? L'Árúbídì níbí ni Ori Olokun ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1968, tí Akin Euba àti Ọlá Rótìmí ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Orin sì wà ní OAU. A ò níláti rán ọmọ lọ sí òkè òkun kó tó kọ́ ọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́, ká ya àyè kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ọmọ Ìrẹ̀mọ tó ti rí àyè wọlé láti kọ́ orin, kí olùkọ́ orin méjì sì gbọ́ ọ kó tó gbowó. Ìkejì, ká ra bass kan àti spíkà rẹ̀ tí àwọn ọmọ á jọ máa lò, torí ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé bass ìjọ nìkan ni ọwọ́ wọn ń kàn, lọ́jọ́ Sunday.

Ẹ sọ tiyín lórí gúrúùpù kó tó dìpàdé tó ń bọ̀. Ìrẹ̀mọ á máa gòkè o.