Ẹ Má Yọ́ Òjé Nílé Ìdáná

Ẹ̀yin ará wa ní South Thamesmead,

Ọ̀rọ̀ òjé ni mo gbé wá. Àwọn kan ń yọ́ ọ nílé, yálà láti fi ṣe òjé ìwọ̀ ẹja, tàbí torí ìfẹ́ sáyẹ́ǹsì. Kò ṣòro yọ́: ìgbóná 327°C ti tó. Á máa dán bíi fàdákà nínú ìkòkò. Kò ní pẹ́ tí èépá á fi bo ojú rẹ̀. Bí iná bá ń ràn sí i, èépá náà á di ìyẹ̀fun aláwọ̀ òféefèé. Ìyẹ̀fun yẹn gan-an ni ewu. Á lẹ̀ mọ́ aṣọ àti kápẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tó ń rákòrò á fọwọ́ kàn án, á sì fi sẹ́nu. Ọpọlọ ọmọ ni òjé ń bà jẹ́, láìké, láìgbin.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ní Nàìjíríà, lọ́dún 2010. Àwọn tó ń wa góòlù lọ òkúta tó ní òjé nínú ní àgbàlá ilé wọn. Ọmọ tí eruku òjé náà pa lé ní 400.

Ní Woolwich tó múlé tì wá, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Michael Faraday kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ológun ní kẹ́mísìrì láti 1830. Ìmọ̀ náà dára, àmọ́ ilé ìdáná kọ́ ni àyè rẹ̀.

Bí ẹ bá ti yọ́ òjé nílé rí, ẹ má gbá ilẹ̀ ní gbígbẹ. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Kí ẹ sì ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.