Erékùṣù Àwọn Ọmọ Ọba

Ariwo kì í tán ní ìlú Istanbul, lórílẹ̀-èdè Tọ́kì. Síbẹ̀, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Kabataş tàbí Bostancı yóò gúnlẹ̀ sí àwọn erékùṣù kan nínú Òkun Marmara, níbi tí òfin kò ti gbà kí aráàlú máa wa mọ́tò kiri. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni èrò ń rọ́ lọ jù: Kınalıada, Burgazada, Heybeliada àti Büyükada tó tóbi ju gbogbo wọn lọ.

Erékùṣù Àwọn Ọmọ Ọba ni àwọn òyìnbó ń pè wọ́n. Kì í ṣe fàájì ló gbé àwọn ọmọ ọba débẹ̀ o. Láyé ìjọba Byzantium, ibẹ̀ ni wọ́n ń lé ẹni tí wọ́n bá rọ̀ lóyè lọ. Wọ́n gbé Ọbabìnrin Irene lọ sí Büyükada ní 802. Ní 1072, wọ́n fọ́ Ọba Romanos Kẹrin lójú, Kınalıada ló sì kú sí. Trotsky pàápàá, aṣáájú ìyípadà ìjọba ní Rọ́ṣíà tí Stalin lé kúrò nílùú, gbé ní Büyükada láti 1929 sí 1933.

Nínú gbogbo ìtàn àwọn erékùṣù yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ẹṣin ibẹ̀ ló ká mi lára jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí wọ́n ń pè ní fayton ló ń gbé àlejò gun òkè, tó ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Àlejò ń yin ìdákẹ́jẹ́ erékùṣù, ẹṣin ń làágùn nínú oòrùn. Àwọn mìíràn ṣubú lójú ọ̀nà, wọn kò dìde mọ́. Nígbà tí àrùn bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn ní ìparí 2019, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ní láti pa. Ní 2020, ìjọba ìlú fòpin sí fayton, wọ́n ra àwọn ẹṣin lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n, wọ́n sì kó ọkọ̀ oníná mànàmáná wá. Àwọn kan ṣì ń ṣàárò ìró pátákò ẹṣin. Ní tèmi, ohun tó yẹ ni wọ́n ṣe, ó kàn pẹ́ ni.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aya Yorgi ní Büyükada. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin, Mùsùlùmí àti Kristẹni jọ ń gùn ún láti tọrọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Àwọn kan kì í wọ bàtà.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ Àìkú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èrò máa ń pọ̀ jù. Ẹ fẹsẹ̀ rìn, tàbí kí ẹ háyà kẹ̀kẹ́ ológeere. Kí ẹ tó kúrò ní èbúté, ẹ bèèrè ìgbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn máa ṣí.